Àmàlà ilé oúnjẹ ńlá ní V.I.: ṣé owó oúnjẹ là ń san ni, àbí owó àga?

Àrẹ̀mú_Súrùlérè

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, torí inú ń bí mi, mi ò sì mọ̀ bóyá ahun ló ń yọ mí lẹ́nu.

Sátidé tó kọjá, a mú màmá wa jáde fún ọjọ́ ìbí wọn. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé Lẹ́kí ló yan ibi tí a lọ, ilé oúnjẹ kan ní Víkítórìà Àílàndì (V.I.) tí mi ò ní dárúkọ. Ibẹ̀ dára lójú, kí n má parọ́. Aṣọ òkè ni wọ́n fi rán ìrọ̀rí orí àga, igbá fínfín wà lára ògiri, ésì ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Màmá ní àmàlà ni àwọn fẹ́, pẹ̀lú ewédú, gbẹ̀gìrì àti ògúfe. Èmi àti ìyàwó mi ní ohun tí màmá bá jẹ náà la ó jẹ. Àbúrò mi ní kí wọ́n gbé ìrẹsì ọ̀fàdà wá fóun.

Ó pẹ́ kí oúnjẹ tó dé. Nígbà tó máa dé, àwo dúdú pẹrẹsẹ ńlá kan báyìí, òkèlè àmàlà méjì tí ò ju ẹ̀ṣẹ́ ọmọdé lọ jókòó sí àárín rẹ̀, wọ́n wá fi ewé kan tí ẹnikẹ́ni ò ní jẹ dé e lórí. Ewédú wà nínú ife kan, gbẹ̀gìrì wà nínú ìkejì. Mo fọwọ́ kan àmàlà: ẹ̀yìn rẹ̀ gbóná janjan, inú rẹ̀ tutù. Mo já ìkejì, kókó. Gbẹ̀gìrì ti dì nísàlẹ̀, omi ti yà sójú rẹ̀.

Màmá ò sọ nǹkan kan. Wọ́n jẹ díẹ̀, wọ́n fọwọ́, wọ́n ní, "Ọlọ́run á bù sí i fún yín." Ẹni tó bá mọ màmá mi mọ̀ pé tí àdúrà bá ti tètè dé báyẹn, oúnjẹ yẹn ò wọ̀ wọ́n lẹ́nu.

Rísíìtì wá dé. Oúnjẹ àti omi àwa mẹ́rin, ₦60,000. VAT 7.5%, ₦4,500. Owó orí ìpínlẹ̀ Èkó 5%, ₦3,000. Owó tí wọ́n pè ní ti ìtọ́jú oníbàárà, 10%, ₦6,000. Gbogbo ẹ̀ di ₦73,500. Kí lẹ̀yin tí ẹ máa ń jẹun níta fi ń mọ ilé oúnjẹ tó dáa? Àbí kí n gbà pé owó àga àti ésì ni mo san, kí n panu mọ́?

Ọmọ_Oníkàn

Ẹ̀gbọ́n, ta ló ní kí ẹ lọ jẹ àmàlà ní V.I.? Ẹ fi Súrùlérè sílẹ̀, níbi tí Amala Shitta wà, ẹ wá sọdá afárá lọ jẹ àmàlà onífọ́ọ̀kì. Ẹ ò rí nǹkan kan o. Wọn ò tíì kí yín káàbọ̀ sí Àílàndì tán.

Ìyá_Ìbejì_Yábàá

Ẹ fi ẹ̀gbọ́n sílẹ̀ jàre. Ọjọ́ ìbí màmá ni wọ́n ń ṣe. Ṣé orí bẹ́ǹṣì ni kí àgbàlagbà lọ jókòó sí nínú oòrùn, kí ẹni tó ń wá àyè máa dúró ti ẹ̀yìn wọn, kó máa wo ẹnu wọn bóyá wọ́n ti jẹun tán? Èmi máa ń jẹun ní búkà White House ní Yábàá wa níbí dáadáa, mo sì fẹ́ràn ibẹ̀, ṣùgbọ́n tí èrò ọ̀sán bá ti dé, kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń gé kéèkì. Àga náà ní owó tirẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ ní owó tirẹ̀. Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé wọ́n gba owó àga, wọ́n tún wá gba owó àmàlà tí wọn ò rò.

Adélé_láti_Ọ̀yọ́

Gbẹ̀gìrì tó yàmi. Nínú ife. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ sinmi ná.

Alásè_Ìlúpéjú

Ẹ kú ìjókòó o. Mo ti ro àmàlà ní búkà, mo sì ti ṣiṣẹ́ nínú ilé ìdáná ilé oúnjẹ ńlá ní Ìkòyí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwo yín, Ẹ̀gbọ́n Àrẹ̀mú. Kì í kàn ṣe àìbìkítà nìkan.

Àmàlà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà wà. Tí ẹ bá wọ búkà tó ń tà dáadáa ní agogo méjìlá ọ̀sán, ẹ ó rí ẹnì kan tó dúró ti ìkòkò pẹ̀lú omorogùn, aṣọ ìnura lọ́rùn, òógùn lójú. Iṣẹ́ tiẹ̀ ò ju kó máa rò ó lọ. Bó ṣe ń tán níwájú ẹni tó ń bù ú ló ń gbé òmíràn dé. Ìlà gígùn tí ẹ ń bínú sí yẹn ló ń jẹ́ kó gbóná.

Ilé oúnjẹ ńlá ńkọ́? Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó lè jẹ́ tábìlì méjì péré ni wọ́n ti béèrè àmàlà, àwọn yòókù ń jẹ pasta àti adìẹ. Olórí alásè lè ní kí wọ́n gbé omi kaná nítorí àwo mẹ́ta, kò sí ohun tó ní kó má ṣe é, ṣùgbọ́n kò ní ṣe é. Láti ọ̀sán ni wọ́n ti rò ó, wọ́n á dì í sínú náílọ́ọ̀nù, wọ́n á kó o sí kúlà. Tó bá fi máa di alẹ́, ooru rẹ̀ ti di omi sí i lára, inú rẹ̀ ti le. Ẹ béèrè, wọ́n á sọ ọ́ sínú maikirowéèfù. Ìdí tí ẹ̀yìn fi gbóná tí inú fi tutù nìyẹn. Ti kókó, ẹni tó rò ó ló jẹ̀bi: kò jẹ́ kí omi hó dáadáa kó tó da èlùbọ́ sí i, tàbí kò bu omi gbígbóná wọ́n ọn, kó dé e, kó jẹ́ kó hó díẹ̀ sí i kó tó padà rò ó. Ìkánjú ni.

Gbẹ̀gìrì náà ò fẹ́ ìpamọ́. Ẹ̀wà tí wọ́n bó, tí wọ́n sè títí tó fi rọ̀, tí wọ́n lù, tí wọ́n sẹ́. Bó ṣe ń tutù ló ń ki. Tó bá sun fíríìjì mọ́jú, tí wọ́n kàn gbé e kaná láìrò ó pọ̀, omi á yà kúrò lára rẹ̀. Ó tún tètè máa ń kan, ẹ̀rù yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n sáré kó o sí fíríìjì.

Mo mọ̀ pé wọ́n máa bú mi lórí èyí: bíléńdà kì í ba ewédú jẹ́. Ìjábẹ̀ dára, mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n gbígbé ewédú kaná lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹ́ta ló ń bà á jẹ́. Yíyọ̀ rẹ̀ á tán, àwọ̀ rẹ̀ á pa dà. Búkà tó ń fi bíléńdà lọ ewédú tó ń tán kíákíá sàn ju ilé tó ń fi ìjábẹ̀ já a láàárọ̀ tó ń tà á lálẹ́.

Nítorí náà, mi ò kí ń fi iye owó mọ ilé oúnjẹ, mi ò sì kí ń fi ẹwà ibẹ̀ mọ̀ ọ́n. Mo máa ń wo ohun tí àwọn tó wà nílẹ̀ ń jẹ. Ohun tó bá wà lórí tábìlì tó pọ̀ jù ni wọ́n ń sè lọ́wọ́. Ẹ sì lè bi wéétà pé, "Ìgbà wo lẹ ro àmàlà yìí?" Tó bá dáhùn wẹ́rẹ́, ó dáa. Tó bá ní kí òun lọ béèrè, ẹ jẹ nǹkan mìíràn.

Adélé_láti_Ọ̀yọ́

Bíléńdà kẹ̀? Alásè, mo ti ń gbádùn ọ̀rọ̀ yín kí ẹ tó dé ibẹ̀.

Ọmọ_Oníkàn

Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Èyí tí wọ́n sọ nípa ìlà yẹn, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ní búkà Ghana High ní ọ̀dọ̀ wa, lẹ́yìn ọ́fíìsì aṣojú ìjọba Ghana àtijọ́ tí wọ́n fi sọ ibẹ̀ lórúkọ, bí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì láti Marina ṣe ń tò lọ́sàn-án pẹ̀lú táì lọ́rùn nìyẹn. Wọ́n á ju táì sẹ́yìn kí ó má ba ọbẹ̀ pàdé. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìgbà tí wọ́n sè é, torí ojú ẹ ni wọ́n ṣe ń gbé ìkòkò tuntun dé.

Wéétà_Tẹ́lẹ̀

Ẹ̀gbọ́n Àrẹ̀mú, ẹ máa fi orí jin àwa tó ń gbé àwo. Mo ti kúrò nídìí iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n mo lè sọ ti rísíìtì yín.

VAT jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. 5% ni tẹ́lẹ̀, ó di 7.5% ní oṣù kejì ọdún 2020. 5% tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Èkó, òfin ọdún 2009 lórí hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ ló mú un wá. Méjèèjì yẹn, kì í ṣe ti ilé oúnjẹ, wọ́n kàn ń bá ìjọba gbà á ni. 10% yẹn ló yàtọ̀. Kò sí ìjọba tó ní kí wọ́n gbà á. Ilé oúnjẹ ló fi í kún un fúnra rẹ̀. Oníbàárà á rò pé ọwọ́ wéétà ló ń lọ, kò ní fún wa ní nǹkan kan mọ́. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí èyí tó ń dé ọwọ́ wa nínú rẹ̀.

Ẹ máa wo ìsàlẹ̀ mẹ́nù kí ẹ tó pàṣẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí, ní lẹ́tà wínníwínní tí àgbàlagbà ò lè kà láìlo awò.

Agbẹjọ́rò_Ìkẹjà

Kí n fi díẹ̀ kún un: òfin ọdún 2018 tó dá FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, sílẹ̀ sọ pé kí olùtajà fi iye owó han oníbàárà, àti pé kò gbọdọ̀ gbà ju iye tó fi hàn lọ. Tí 10% yẹn ò bá sí níbì kankan lórí mẹ́nù, tí ẹ kàn rí i lórí rísíìtì, ẹ ní ẹnu láti fi sọ̀rọ̀. Ẹ pe máníjà, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò dìgbà tí ẹ bá pariwo.

Àrẹ̀mú_Súrùlérè

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dáhùn. Mo padà wo fọ́tò mẹ́nù tí àbúrò mi yà. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ orúkọ ọtí.

Alásè, ẹ kú àlàyé. Ṣé ẹ̀yin á dá irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ padà? Ìyàwó mi fẹ́ dá a padà, èmi ni mo ní kó fi sílẹ̀ nítorí màmá.

Bàbá_Ẹ̀bùté_Mẹ́ta

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àtijẹ. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé nígbà tí àwa wà ní kékeré, kò sẹ́ni tó ń múra lọ jẹ àmàlà níta. Tí wọ́n bá ní wọ́n mú ọ lọ jẹun, Kingsway, ilé ìtajà ńlá ní Marina ni, nílé oúnjẹ wọn tí wọ́n ń pè ní Rendezvous. Láti ara Rendezvous yẹn ni UAC ti dá Mr Bigg's sílẹ̀ ní 1986. Míìtì páì, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, áísìkirímù. Ọmọ tó bá jẹ ẹ́ á tọ́jú páálí rẹ̀ kó lè fi han àwọn ọmọ àdúgbò. Tantalizers dé ní 1997, ní Fẹ́síták, ohun kan náà ni. Àmàlà jẹ́ oúnjẹ ilé, tàbí oúnjẹ awakọ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ ní búkà. Ìgbà tó yá ni oúnjẹ òkèlè tó wọ inú àwọn ilé onígíláàsì.

Nítorí náà, mi ò bá yín bínú sí ilé oúnjẹ V.I. tó ń gbìyànjú. Wọ́n fẹ́ fi hàn pé oúnjẹ bàbá wa náà tọ́ sí orí aṣọ tábìlì. Terra Kulture, ibùdó àṣà tó ní ilé oúnjẹ, ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti 2003 ní òpópónà Tiamiyu Savage, mo sì máa ń bá àwọn ọmọ mi débẹ̀ tí eré bá wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa gbé àmàlà ga, kó kọ́kọ́ rò ó.

Ìjẹ̀bú_Gárì

Ó ti tó wákàtí mélòó kan tí mo ti ń dúró kí ẹnì kan béèrè. Ọ̀fàdà àbúrò yín ńkọ́?

Àrẹ̀mú_Súrùlérè

Háà, Ìjẹ̀bú. Ó ní kò burú. Ìrẹsì náà funfun díẹ̀, ọbẹ̀ rẹ̀ pupa, wọ́n gbé e wá nínú ewé. Mo tọ́ ọ wò, mi ò gbọ́ òórùn irú.

Ìjẹ̀bú_Gárì

Kò burú bí? Ẹ jẹ́ kí n jókòó dáadáa.

Ìlú Ọ̀fàdà wà ní Ọbáfẹ́mi-Owódé, ìpínlẹ̀ Ògùn, kò jìnnà sí yín. Ìrẹsì ibẹ̀ kúrú, ó sanra, ilà pupa pupa wà lára rẹ̀ torí wọn kì í bó o dan. Ó ní òórùn tirẹ̀ kó tó kan ọbẹ̀ rárá. Tó bá funfun, tó gùn, wọ́n ti da ìrẹsì òkèèrè pọ̀ mọ́ ọn. Ewé eéran tí wọ́n fi dì í, lẹ́yìn tí ìrẹsì ti jinná nínú ìkòkò mìíràn tó sì ti tutù, ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Gbígbóná ló yẹ kí wọ́n dì í, kí ewé lè lọ́wọ́ọ́rọ́, kó fi òórùn rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ọbẹ̀ wá ńkọ́? Ayamaṣe, ọbẹ̀ tí a fi ń jẹ ọ̀fàdà, kì í pupa. Ata aláwọ̀ ewé ni, tútù yọ̀yọ̀, a ó lọ̀ ọ́ wúruwùru, a ó sè é kí omi rẹ̀ gbẹ. Epo pupa la ó yọ́ lórí iná títí àwọ̀ pupa á fi kúrò lára rẹ̀, kí a tó da àlùbọ́sà àti irú sí i. Nǹkan tí àwọn èèyàn ò sì rò ni pé epo yíyọ́ máa ń rú èéfín tó ń ta ojú. Lẹ́yìnkùlé la ti ń ṣe é. Ilé oúnjẹ tó ti fèrèsé pa, tó tan ésì, kò fẹ́ èéfín yẹn lára aṣọ àwọn oníbàárà. Wọ́n á sọ epo kalẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà, wọ́n á dín irú kù kó má bàa rùn. Ohun tó kù ni ọbẹ̀ ata pupa pẹ̀lú ẹyin nínú. Ó lè dùn. Kì í kàn ṣe ayamaṣe ni.

Ẹ bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti ń yọ́ epo wọn.

Alásè_Ìlúpéjú

Ìjẹ̀bú, ẹ ti sọ ọ́ tán. Ibi tí mo ṣiṣẹ́, ìta níbi jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ti ń yọ́ epo, àárọ̀ kùtùkùtù, kí èrò tó dé. Ìyẹn làwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ti dídá oúnjẹ padà, Ẹ̀gbọ́n Àrẹ̀mú: ẹ dá a padà, kí ẹ tó jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe wí fún wéétà pé oúnjẹ ò dáa. Ẹ sọ ohun tó ṣe é gan-an: "Inú rẹ̀ tutù, kókó wà nínú rẹ̀." Ọ̀rọ̀ tó ṣe gúnmọ́ yẹn ló ń dé etí olórí alásè.

Ìyá_Ìbejì_Yábàá

Alásè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, mi ò lè dá oúnjẹ padà níwájú màmá mi. Wọ́n á ní mo fẹ́ kó ìtìjú bá wọn. Ẹ̀rù tún ń bà mí ohun tí wọ́n lè fi kún un kí wọ́n tó gbé e wá padà.

Wéétà_Tẹ́lẹ̀

Àǹtí, kò sẹ́ni tó ń fi nǹkan kan kún un. Ẹni tó gbé e wọlé ló ń jẹ èébú, ìyẹn nìkan.

Ṣadé_Lẹ́kí

Ẹ káalẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo máa ń jẹun ní V.I. àti Ìkòyí jù níbí, torí iṣẹ́ mi wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n gbèjà díẹ̀. Kì í ṣe pé wọn ò mọ oúnjẹ sè. Ohun tí ẹ ń béèrè lọ́wọ́ wọn ni kò bá wọn mu. Mo máa ń béèrè ohun tí wọn ò lè sè sílẹ̀: ẹja yíyan, ata ẹja tútù, ilá alásèpọ̀. Ilá alásèpọ̀ ti ilé oúnjẹ Yellow Chilli, tó kún fún edé àti alákàn, gbogbo Èkó ló mọ̀ ọ́n. Ilá tí wọ́n ti sè sílẹ̀, ẹ ó mọ̀ láti ojú: á ti dúdú, á ti rọ̀ jọ. Tó bá ṣì tútù, tó ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lábẹ́ eyín, a jẹ́ pé ẹ pàṣẹ kí wọ́n tó gé e nìyẹn. Owó tí mo ń san níbẹ̀, ẹja àti edé tó tutù mọ́rọ́mọ́rọ́ ni mò ń wò. Àmàlà? Ọ̀sán Ọjọ́rú, mo sọdá wá sí ọ̀dọ̀ yín, ẹ ò kí ń rí mi ni.

Ọmọ_Oníkàn

Ṣadé, ọ̀rọ̀ rẹ gbà mí lọ́kàn o. Súyà náà bẹ́ẹ̀. Èmi ò lè jẹ súyà inú àwo tánganran tí wọ́n gé tòmátì wínníwínní sí lára. Ọ̀bàléndé lálẹ́, níwájú iná, kí mallam wọ́n yàjì sí i lójú mi, kó fi ìwé ìròyìn dì í.

Adélé_láti_Ọ̀yọ́

Ẹ ti yanjú ilá, ẹ ti yanjú súyà, kò sẹ́ni tó bẹ gbẹ̀gìrì.

Àrẹ̀mú_Súrùlérè

Mo ti fi ọ̀rọ̀ yín han màmá. Mo ka ti Alásè sí wọn létí láti òkè délẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní tí wọ́n bá tún máa mú àwọn jáde, ọ̀sán ni kó jẹ́, ní Súrùlérè, ọjọ́ iṣẹ́, kí a débẹ̀ kí èrò ọ́fíìsì tó dé. Èmi á ṣáájú lọ gba ìjókòó. Wọ́n tún ní kí n bi Alásè ní ìbéèrè kan: kí ló dé tó fi jẹ́ pé egungun nìkan ló wà nínú ògúfe àwọn lọ́jọ́ yẹn?

Alásè_Ìlúpéjú

Mo kí màmá o, ẹ̀mí wọn á gùn. Ẹ sọ fún wọn pé iye la fi ń ka ẹran, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ìwọ̀n. Ẹni tó gé e ló mọ ibi tí egungun máa bọ́ sí. Ní búkà, wọ́n lè na ọwọ́ sí èyí tí wọ́n fẹ́ nínú ìkòkò, ní ilé oúnjẹ ńlá wọn ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá dé Súrùlérè, kí wọ́n béèrè ṣàkì.

Àrẹ̀mú_Súrùlérè

Wọ́n ní àwọn ò ní eyín ṣàkì mọ́.

Ìyá_Ìbejì_Yábàá

Ẹ̀dọ̀ ńkọ́?

Àrẹ̀mú_Súrùlérè

Wọ́n ní ẹ̀dọ̀ dáa. Kí ata pọ̀ níbẹ̀.